Màmá mi fẹ́ gba abẹ́rẹ́ stem cell sí orúnkún: ṣé lóòótọ́ ni kèrékèré ń hù padà?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí o. Màmá mi ti pé ẹni ọdún 66. Orúnkún ọ̀tún ti ń dà wọ́n láàmú láti bí ọdún mẹ́rin. Dókítà ní aromọléegun ni, pé kèrékèré tó bo ẹnu eegun ti jẹ lọ, eegun ti ń ha eegun. Màmá wá rí fídíò ọkùnrin kan tó tiro wọ ilé ìwòsàn, tó gba abẹ́rẹ́, tó sì ń lóṣòó tó ń dìde fìrì. Láti ọjọ́ náà, wọn ò sọ ọ̀rọ̀ míì mọ́. Ilé ìwòsàn tó ń gún un sọ fún wọn pé abẹ́rẹ́ yìí á hu kèrékèré tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi ní jìbìtì gbáà ni. Èmi wà láàárín. Gbogbo owó tí màmá tù jọ ni wọ́n fẹ́ kó lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti gbà á rí ni kó bá mi sọ̀rọ̀. "Ọlọ́run á ṣe é" nìkan ò tó o.

* * *

Mo ti gbà á rí, àbúrò, torí náà mo lẹ́nu ọ̀rọ̀. Màá sì máa dá àwọn yòókù tó ń sọ̀rọ̀ níbí lóhùn bí mo ṣe ń lọ.

Ní kúkúrú: rárá, má retí pé kèrékèré á hù padà. Ẹni tó bá ṣèlérí ìyẹn fún màmá ti sọ ju ohun tí ìwádìí sọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ náà ò jàre tán. Àwọn kan ń rí ìtura lẹ́yìn abẹ́rẹ́ yìí, èmi náà rí i. Ibi tí ìtura ọ̀hún ti wá gan-an ni ìjà wà.

* * *

Stem cell ni wọ́n ń pe sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ní ó lè di oríṣiríṣi ẹran ara. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú síríǹjì, torí orúkọ kan ni gbogbo wọn ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe nǹkan kan náà.

Èyí tó wọ́pọ̀ ni tinú mùdùnmúdùn eegun ìbàdí. Wọ́n á fà á, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i kó lè ki, wọ́n á gún un sí orúnkún lọ́jọ́ kan náà. Òmíràn ni ti ọ̀rá: wọ́n á fa ọ̀rá ikùn tàbí ti itan, wọ́n á yọ sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ jáde. Àtèyí àti ti mùdùnmúdùn, láti ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni. Ẹ̀ka kẹta ni ti ìwọ́ ọmọ tuntun, láti ara ẹlòmíì tí o ò mọ̀ rí, tó dé nínú ìgò. Àárín ìwọ̀nyí ni wọ́n tún ti ń ta omi inú ilé ọmọ, tí wọ́n ń pe òun náà ní stem cell. Àwọn olùwádìí ti yẹ irú ọjà omi bẹ́ẹ̀ wò, wọn ò sì rí stem cell alààyè kankan nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Omi lásán, tó fi orúkọ olórúkọ ṣe ẹ̀wù.

Ti mùdùnmúdùn gan-an, sẹ́ẹ̀lì tí à ń wí ò pọ̀ níbẹ̀. Nínú 10,000 sẹ́ẹ̀lì, bí a bá rí ẹyọ kan, a ti rí nǹkan. Kó tó lè pọ̀, àfi kí wọ́n gbìn ín sí ilé ìwádìí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tí wọ́n fà láàárọ̀ tí wọ́n gún lọ́sàn-án, ẹ̀jẹ̀ àti àwọn sẹ́ẹ̀lì míì ló kún inú rẹ̀.

Orúkọ náà ń ṣi ni lọ́nà pẹ̀lú. Arnold Caplan, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ló fún sẹ́ẹ̀lì yìí lórúkọ "mesenchymal stem cell" lọ́dún 1991. Òun kan náà ló kọ ọ́ jáde lọ́dún 2017 pé àkókò tó láti yí orúkọ ọ̀hún padà, pé sẹ́ẹ̀lì yìí kì í di ẹran ara tuntun bí a ti rò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tú èròjà tó ń ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìtòsí rẹ̀, kó bù omi tútù sí ibi tó wú. Ẹni tó sọ ọmọ lórúkọ ló ní orúkọ ò bá ọmọ mu. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á ò tíì gbọ́.

Ẹ sì wo kèrékèré fúnra rẹ̀. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí awọ bá bó, ẹ̀jẹ̀ á gbé ohun àtúnṣe wá. Ti kèrékèré, inú omi orúnkún ló ti ń fa oúnjẹ tirẹ̀, bíi kànìnkànìn tí à ń fún tí à ń tú sílẹ̀, ìyẹn nígbà tí a bá ń rìn. Yàtọ̀ sí èyí, aromọléegun kì í ṣe ti kèrékèré nìkan: awọ inú orúnkún á wú, eegun abẹ́ á le, eegun tín-ín-rín á hù yọ létí. Sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ tí wọ́n dà sínú gbogbo ìyẹn, ta ló máa júwe fún un pé ibi tó jẹ ni kó lọ jókòó sí? Ọ̀pọ̀ wọn ò lò ju ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ kí wọ́n tó kú.

* * *

Ẹ ní kí n sọ tèmi. Ó dáa.

Orúnkún òsì ni mo gbà á sí. Ti ọ̀tún náà ń ro mí, àmọ́ owó ò tó fún méjì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Wọ́n ní kí n dojú bolẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gún abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora sí ẹ̀yìn ìbàdí mi, wọ́n wá mú abẹ́rẹ́ kan tó nípọn bí ike inú bírò, wọ́n ń yí i wọ inú eegun díẹ̀díẹ̀. Mi ò mọ nǹkan kan nígbà tó ń wọlé. Ìgbà tí dókítà fa síríǹjì ni mo tó mọ̀. Kò ta mí, kò gún mí. Ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan di okùn mú láti ìbàdí mi dé àtẹ́lẹsẹ̀ tó wá fà á lójijì. Bó ṣe ṣíwọ́ ló lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fà á. Mo yíjú wo ohun tó fà: ẹ̀jẹ̀ tó pọ́n dúdú, tí ọ̀rá wẹ́wẹ́ léfòó lórí rẹ̀ bí epo lójú omi. Wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ, ó yí títí. Síríǹjì ńlá tó kún dẹ́nu di ìwọ̀nba tí ṣíbí kékeré kan lè gbà. Ìyẹn ni wọ́n gún sínú orúnkún mi.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, orúnkún wú bí bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi mí lé physio lọ́wọ́, ẹni tó ń fi ìdánrawò tọ́jú ara, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ṣé mo pa ọjọ́ kan jẹ? Èmi kẹ̀! Ẹni tó ti náwó tó tóyẹn kì í pa ìdánrawò jẹ. Mo dín oúnjẹ kù, mo fi kílò mẹ́fà sílẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹwàá, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìdi irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Inú mi dùn débi pé mo padà gòkè kí n lè tún sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni mo tó kíyè sí i pé ti ọ̀tún náà ò ro mí.

Ọ̀tún tí ẹnikẹ́ni ò fi abẹ́rẹ́ kàn.

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí bó ṣe parí sí: oṣù kọkànlá, òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ro padà. Mo ya X-ray míì. Àlàfo àárín eegun ò fẹ̀ sí i rárá. Ìgbà yẹn náà, kí n sọ òótọ́, mo ti ń pa ìdánrawò jẹ.

* * *

Ẹni tó ní sẹ́ẹ̀lì ló gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ tún ti ọ̀tún ṣe: dókítà tó gún mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó dùn ún gbọ́. Ẹ wá wo èyí.

Àwọn dókítà Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2017. Èèyàn 25 ni, orúnkún méjèèjì ló ń ro gbogbo wọn. Wọ́n gún mùdùnmúdùn sí ọ̀kan, wọ́n gún omi iyọ̀ lásán, tí kì í ṣe oògùn, sí èkejì, aláìsàn ò mọ èyí tó gba èwo. Orúnkún méjèèjì ló rọjú, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Nígbà tí mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, àfi bíi pé wọ́n mọ̀ mí.

Mo gbà pé ìyẹn nìkan ò pa ẹnu àwọn tó ní sẹ́ẹ̀lì rìnrìn àjò mọ́. Torí náà, ẹ jẹ́ ká mú èyí tí kò ti sí orúnkún kejì tí sẹ́ẹ̀lì lè sá lọ, tó jẹ́ pé èèyàn sí èèyàn ni wọ́n fi wéra. Ìparí 2023 ló jáde, èèyàn 475 ni. Àwọn kan gba ti mùdùnmúdùn, àwọn kan ti ọ̀rá, àwọn kan ti ìwọ́ ọmọ, àwọn yòókù gba abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń dín wíwú kù, tó ti wà lọ́jà tipẹ́tipẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan, ìrora dín fún gbogbo ìsọ̀rí. Kò sí stem cell kankan tó ta sítẹ́rọ́ìdì yọ. Wọ́n fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo inú orúnkún wọn, ibẹ̀ náà ò yàtọ̀.

Kí n má bàa jọ ẹni tó ń ṣa èyí tó wù ú mú: lọ́dún 2025, Cochrane, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, kó ìwádìí mẹ́jọ jọ, èèyàn 459, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí abẹ́rẹ́ yìí dín ìrora kù díẹ̀, kó sì jẹ́ kí orúnkún ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i ju abẹ́rẹ́ òfìfo tí kò ní oògùn nínú lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọ̀hún ò lágbára. "Díẹ̀" ni wọ́n wí. Ẹ fi "díẹ̀" yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò tí màmá rí.

* * *

"Mo mọ ẹnì kan tó gbà á tó ń sáré báyìí."

Mo gbà yín gbọ́. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré. Ṣùgbọ́n ìrora aromọléegun kì í dúró sójú kan. Á ga, á wálẹ̀. Ìgbà tó bá ga tán lèèyàn ń wá abẹ́rẹ́ lọ, ìgbà tó bá sì ga tán náà ni ibi tó kù fún un láti lọ jẹ́ ìsàlẹ̀. Ohunkóhun tí o bá gún lọ́jọ́ yẹn ló máa gba ìyìn. Ká má tíì sọ ti physio, ìsinmi, ara tó fúyẹ́, àti owó tí a ti san tí a ò fẹ́ kó ṣòfò lójú ara wa.

* * *

Ẹni tó sọ pé àwọn ilé iṣẹ́ oògùn ló ń bò ó mọ́lẹ̀: wọn ò bò ó, wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa tà á ni. Ìjọba Gúúsù Kòríà ti fọwọ́ sí ọ̀kan láti 2012, Cartistem lorúkọ ẹ̀, inú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ ni wọ́n ti ń mú un. Àmọ́ iṣẹ́ abẹ ni o. Wọ́n máa ń lu ihò sí ibi tí kèrékèré ti jẹ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú ihò náà. Kì í ṣe ká jókòó lórí àga ká gún un ká máa lọ sílé. Àwọn tó ń ta ti orí àga ló ń fi orúkọ Kòríà polówó.

* * *

"Ara ẹ ni wọ́n ti mú un, kí ló lè ṣe ẹ́?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló bí mi nínú jù nínú gbogbo ohun tí mo kà níbí. Lọ́dún 2018, àwọn dókítà ní Texas, Florida àti Arizona rí èèyàn 12 tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe látinú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ, tí kòkòrò àrùn wọ oríkèé tàbí inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Gbogbo wọn ló sùn sílé ìwòsàn. Kòkòrò ọ̀hún wà nínú àwọn ìgò tí wọn ò tíì ṣí pàápàá. Ẹ ò lè fi ọwọ́ mímọ́ dókítà wẹ ohun tó ti bàjẹ́ nínú ìgò.

Ẹ óò ní ti ẹlòmíì nìyẹn. Ó dáa, ti ara ẹni ńkọ́? Ní Florida kan náà, obìnrin mẹ́ta jẹ́ kí wọ́n fa ọ̀rá ikùn wọn, kí wọ́n gún sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ sójú wọn. Ojú wọn fọ́. Ìròyìn rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ní 2017. Ojú kì í ṣe orúnkún, mo mọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé "ara ẹ ni" kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ààbò. Ìjọba Amẹ́ríkà pe àwọn kan tó ń ta ti ọ̀rá lẹ́jọ́, àwọn yẹn ní ara aláìsàn kì í ṣe oògùn. Oṣù kẹsàn-án 2024 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti fi èròjà yọ kúrò lára ọ̀rá, oògùn ni, àfi kí FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i. FDA ò sì tíì fọwọ́ sí stem cell kankan fún orúnkún.

Kí n ṣe ẹ̀tọ́: ti mùdùnmúdùn, tí ọwọ́ bá mọ́ tí dókítà sì mọṣẹ́, ewu rẹ̀ ò pọ̀. Wíwú àti ìrora ọjọ́ mélòó kan ló wọ́pọ̀.

* * *

Mo yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, ẹ má bínú. Ẹnì kan ní mo kórìíra stem cell. Rárá o. Orúnkún ti tan àwọn dókítà jẹ ṣáájú kí stem cell tó dé. Nígbà kan, wọ́n máa ń ki ẹ̀rọ wọ inú orúnkún, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ha ibi tó rí jágajàga, aláìsàn á ní ara òun ti yá. Lọ́dún 2002, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, èèyàn 180: wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ gidi fún àwọn kan, fún àwọn yòókù, wọ́n kàn la awọ, wọ́n rán an padà. Ara àwọn tí wọ́n kàn la awọ fún yá bákan náà.

Sítẹ́rọ́ìdì tí mo dárúkọ lókè náà ò mọ́ ẹ̀bi. Ìwádìí ọdún 2017 kan gún un fún àwọn èèyàn lóṣù mẹ́ta mẹ́ta fún ọdún méjì. Ìrora wọn ò dín ju ti àwọn tó gba omi iyọ̀ lọ, kèrékèré wọn sì tún jẹ sí i. Tí mo bá wá sọ pé stem cell ò ta sítẹ́rọ́ìdì yọ, ẹ rí i pé ọ̀pá ìwọ̀n tí mo fi wọ̀n ọ́n kò ga.

* * *

Àbúrò, mo padà sọ́dọ̀ ẹ.

Kó o tó bá màmá jà, gba fóònù, pe ilé ìwòsàn yẹn. Bi wọ́n ní ohun tó wà nínú síríǹjì: ti mùdùnmúdùn, ti ọ̀rá, àbí ti inú ìgò? Tó bá jẹ́ ti inú ìgò, ta ló ṣe é, àjọ wo ló fọwọ́ sí i? Ṣé sẹ́ẹ̀lì alààyè ni, wọ́n ti kà á? Bí wọ́n bá ní ìwádìí làwọn ń ṣe, bi wọ́n ìdí tí aláìsàn fi ń sanwó rẹ̀. Kí wọ́n sì kọ ọ́ síwèé pé kèrékèré á hù. Wò ó bóyá wọ́n á kọ ọ́.

Nípa ohun tí màmá lè ṣe: àwọn dókítà oríkèé Amẹ́ríkà kọ ìlànà wọn fún 2019, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gún stem cell fún aromọléegun orúnkún. Ìlànà kan náà fi ọwọ́ líle gbé ìdánrawò, ara fífúyẹ́, ọ̀pá ìtìlẹ̀ àti oògùn ìrora tí à ń fi pa orúnkún lárugẹ. Mo mọ̀ pé kò dùn ún gbọ́. Kò sí ẹni tó máa ṣe fídíò ọ̀pá. Ṣùgbọ́n bí ara bá fi kílò kan sílẹ̀, ẹrù tó ń bọ́ sórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dín ní bíi kílò mẹ́rin. Kílò mẹ́fà tí mo fi sílẹ̀ yẹn, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀.

Ọ̀pá ńkọ́? Bí orúnkún ọ̀tún bá ń ro, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń tẹ ọ̀pá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ tó ń ro mú un, wọ́n á wá ní ọ̀pá ò ṣiṣẹ́.

Bó bá wá di pé eegun ń ha eegun lóòótọ́, tí oorun ò ṣeé sùn mọ́, orúnkún àtọwọ́dá wà. Nínú 100 irú ẹ̀ tí wọ́n bá pààrọ̀ pátápátá, bíi 82 ṣì máa ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Iṣẹ́ abẹ ńlá ni, ó lẹ́rù. Àmọ́ owó tí màmá fẹ́ ná sórí "díẹ̀" lè wúlò fún un lọ́jọ́ iwájú.

* * *

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní ti ìwọ́ ọmọ ni. Mo ní ta ló ṣe é, ẹni tó gbé fóònù ní òun á pe mí padà. Ọjọ́ kẹta rèé. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sétí màmá. Wọn ò sọ pé àwọn ò lọ mọ́ o. Wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ ṣe ìdánrawò tí ẹ wí yẹn wò, torí pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ rí, ẹ kì í ṣe alátakò lásán. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

* * *

Bá mi kí màmá. Wá physio tó máa wo orúnkún wọn, kó kọ́ wọn ní èyí tó bá wọn mu. Ṣùgbọ́n lálẹ́ òní, kó tó di pé wọ́n ṣe ohunkóhun, mú ìwé àti bírò. Fa ìlà méjì sí i: ọ̀tún, òsì. Ní kí wọ́n fún ìrora ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òǹkà láti 0 dé 10. Lẹ́yìn náà, gbé àga tí kò ní apá, tó fara ti ògiri, kí wọ́n ká ọwọ́ lé àyà, kí wọ́n máa dìde kí wọ́n máa jókòó fún ìṣẹ́jú ààyá 30. Ka iye ìgbà tí wọ́n dìde tán, kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ dúró ti wọ́n o, kí wọ́n má ṣubú.

Máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní alẹ́ kan náà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bó bá ṣì ń wù wọ́n láti gba abẹ́rẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, kí ìwé ọ̀hún bá wọn lọ. Má sì fo òsì, kódà bí wọ́n bá ń sọ pé ìyẹn ò ro àwọn.